Ilé Kan, Oúnjẹ Kan: Bí Àtìpó Ṣe Lè Jẹun Ire ní Saigon

Ìbéèrè tí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Saigon máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni pé ilé oúnjẹ wo ló dára jù. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ilé oúnjẹ ni ibi tí èèyàn ń yà sí nígbàkigbà tó bá wù ú, tí wọ́n á gbé ìwé oúnjẹ olójú ewé mẹ́wàá síwájú rẹ̀, tí á sì mú èyí tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Saigon, wọ́n sì pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni oúnjẹ ìlú náà wà. Láti 1976 ni ìjọba ti ń pe ìlú yìí ní Ìlú Ho Chi Minh, àmọ́ Saigon ló ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, òun náà ni n ó sì máa pè é. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àtìpó tó bá fẹ́ jẹun ire níbẹ̀ ní láti fi ilé onírúurú sílẹ̀, kó wá ilé tó ń ta ẹyọ oúnjẹ kan, kó mọ wákàtí tí wọ́n ń tà á, kó sì máa padà síbẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á jẹ ohun tó dára ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, owó tí yóò ná á kéré, inú kò sì ní máa run ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú phở, núdù ìrẹsì inú omi eegun màlúù, wò, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé mọ̀ mọ́ Vietnam. Agbègbè Hanoi àti Nam Định ní àríwá ló ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, tí ẹran màlúù àti eegun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí àdéhùn Geneva pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì ní 1954, àwọn tó ṣí láti àríwá lọ sí gúúsù tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, àwọn ló sì sọ phở di oúnjẹ tó gbilẹ̀ ní Saigon. Saigon náà fi ọwọ́ tirẹ̀ tún un ṣe: wọ́n á gbé àwo ewé tútù ti abọ́ náà, húng quế tó jẹ́ ìbátan efinrin wa, ngò gai tó ní etí ṣóńṣó, ẹ̀wà híhù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata. Ní Hanoi, àwo ewé bẹ́ẹ̀ kì í sí. Ọtí kíkan tí wọ́n rẹ ááyù sí, ata, àti ìyẹ̀fun díndín gígùn tí wọ́n ń kì bọ omi rẹ̀ ló wà lórí tábìlì. Ilé phở tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ta nǹkan mìíràn. Láti òru ni eegun màlúù ti ń hó lórí iná jẹ́jẹ́, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti fi iná sun títí èèpo wọn fi dú, èèpo igi olóòórùn dídùn, àti èso gbígbẹ kékeré kan tó ṣe bí ìràwọ̀. Bí oníbàárà bá ti jókòó, alásè á ju ẹ̀kúnwọ́ núdù ìrẹsì sínú ajọ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, á rì í bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á gbọn omi rẹ̀ nù, á dà á sínú abọ́, á tẹ́ ẹran tútù tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, á wá bu omi eegun lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ẹran pupa náà á máa ṣí àwọ̀ lójú ẹni bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀. Ìṣẹ́jú méjì lè má pé tí iṣẹ́ náà fi parí, kò sì sí bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣe lè yá tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe láàárọ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Cơm tấm tún fi èyí hàn ju phở lọ, nítorí ọmọ ìbílẹ̀ gúúsù lòun. Ìrẹsì rírún ni, èyí tó ń kán nígbà tí wọ́n bá ń lọ ìrẹsì. Nígbà kan rí, oúnjẹ tálákà ni, torí pé kò ṣeé tà bíi ti odindi. Lónìí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti ọlọ́kadà jọ ń tò sí ìdí rẹ̀ ni. Wọ́n á bu ìrẹsì náà sínú àwo, wọ́n á gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ eléegun tí wọ́n yan lórí èédú lé e, wọ́n á fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i, àti ègé ẹyin tí wọ́n pò mọ́ ẹran lílọ̀ tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Lẹ́yìn náà ni òróró gbígbóná tí wọ́n dà sórí ewé àlùbọ́sà á tẹ̀ lé e, àti abọ́ kékeré omi ẹja oníyọ̀, nước mắm, tí wọ́n ti fi ṣúgà àti ata là. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe igi méjì. Èéfín ẹran náà ló ń polówó ọjà. Èèyàn á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó rí àkọlé ilé. Nígbà tí ìwé atọ́nà Michelin kọ́kọ́ dé Vietnam ní oṣù Kẹfà 2023, ilé 103 ló kọ sílẹ̀ ní Hanoi àti Saigon. Mẹ́rin péré ló fún ní ìràwọ̀, mẹ́ta ní Hanoi, ọ̀kan ní Saigon, ìyẹn Anăn. Àwọn 29 tó fún ní Bib Gourmand, àmì ilé tí oúnjẹ rẹ̀ dára tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ni mo ka ẹ̀rí sí. Lọ tibẹ̀ bọ̀, ilé phở lo máa rí níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, Cơm Tấm Ba Ghiền náà sì wà lára wọn. N kò sọ pé ìgbà tí Michelin dé ni oúnjẹ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ di gidi. Àwọn ará Saigon kò nílò ẹni tí yóò wá sọ fún wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àwọn tó fi ojú àjèjì wá a, tí wọ́n sì ní owó láti wọ ibi tó bá wù wọ́n, ìdí ilé ẹlẹ́yọ kan náà ni wọ́n bá ara wọn.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ àtìpó kì í kà sí, òun gan-an ló sì ń kó wọn sí wàhálà. Ẹni tó bá jí ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Àìkú, tó wá ń wá phở tó gbajúmọ̀ kiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò bá. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: a kì í lọ sí ìdí agbada alákàrà lọ wá àmàlà, a kì í sì í retí àkàrà gbígbóná ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wákàtí Saigon ṣe ń lọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ti phở, ti hủ tiếu tó jẹ́ núdù ìrẹsì mìíràn, àti ti bánh mì, búrẹ́dì tí wọ́n ń kì ẹran sí. Láti aago mọ́kànlá àbọ̀ títí di nǹkan bí aago kan ni ti ìrẹsì ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ilé cơm bình dân á ti to oríṣiríṣi ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ sínú àwo onírin, oníbàárà á kàn máa nawọ́ sí èyí tó fẹ́. Alẹ́ ni ti ìṣáwùrú, ẹran yíyan àti ìkòkò orí tábìlì. Iwájú ilé kan náà lè jẹ́ ti oníphở láàárọ̀, kó di ti onírẹsì lọ́sàn-án, kó sì tún di ti oníṣáwùrú lálẹ́, oníṣòwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àpótí rọ́bà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àtìpó tó bá wá sí irú ibẹ̀ ní ìgbà tí kò tọ́ á ní ibi tí wọ́n júwe fún òun ti kógbá sílé, á sì lọ wọ ilé tó ń ta gbogbo nǹkan látàárọ̀ dalẹ́, torí pé òun ló rí tó ṣí.

Kí ló dé tí ilé ẹlẹ́yọ kan fi ń borí? Ìdí àkọ́kọ́ wà lọ́jà. Ní òru ni wọ́n ń pa màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ọjà òwúrọ̀, ewé sì ń wọlé láti oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń ta ẹyọ kan mọ iye tí òun lè tà, ìwọ̀n yẹn ló ń rà, ó sì ń tà á tán. Ẹni tó kọ oúnjẹ ọgọ́rùn-ún sínú ìwé kò lè ra ohun èlò ọgọ́rùn-ún ní tútù lójoojúmọ́. Fíríìjì ni yóò gbójú lé, àti omi ọbẹ̀ kan tó ń bọ́ oúnjẹ mẹ́wàá. Ìdí kejì ló jinlẹ̀ jù lójú mi, ìyẹn ni oníbàárà tó ń padà wá. Bí omi phở bá dẹ̀ lónìí, ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún mẹ́wàá á mọ̀ kó tó gbé ṣíbí kejì, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, á rékọjá sí ilé kejì lójú títì kan náà. Ìtàn orílẹ̀-èdè náà jẹ́rìí sí i. Lásìkò ogun pẹ̀lú Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ ìjọba ní Hanoi máa ń ta phở tí kò ní ẹran, omi àti núdù lásán. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní phở aláìláwakọ̀, wọ́n fi wé ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń wá ṣe amí lójú sánmọ̀ láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ alásè ìgbà yẹn le. Ẹran ló wọ́n, oníbàárà kò sì ní ibòmíràn tó lè lọ. Àtúnṣe ètò ọrọ̀ ajé ọdún 1986, Đổi Mới, ló dá òwò padà sọ́wọ́ ẹbí, ìkòkò sì tún jáde sí ẹ̀bá títì. Láti ìgbà náà, kò sí aláṣẹ kankan tó ń sọ bí omi eegun ṣe gbọ́dọ̀ dùn tó. Ẹsẹ̀ oníbàárà ló ń sọ ọ́.

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà sí irú ilé wọ̀nyí lọ́rùn ni ìdọ̀tí, n kò sì ní fojú fo ó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, èèyàn tó lé ní 300 ló ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ bánh mì ní ìlú Hội An. Nígbà tó di ọdún 2024, àwọn tó lé ní 500 ló tún ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ bánh mì ní Long Khánh, ìpínlẹ̀ Đồng Nai, tí kò jìnnà sí Saigon. Ilé ẹlẹ́yọ kan ni wọ́n, ti Hội An sì lókìkí dé òkè òkun, nítorí náà n kò lè sọ pé ẹyọ kan tàbí òkìkí nìkan tó láti dáàbò bo ikùn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú búrẹ́dì náà: ẹ̀dọ̀ lílọ̀, ẹran tútù tí wọ́n gé sílẹ̀, ọbẹ̀ funfun tí wọ́n fi ẹyin àìsè pò, gbogbo rẹ̀ jókòó fún wákàtí púpọ̀ nínú ooru ìlú tí kì í mọ ọyẹ́. Ohun tó ń dáàbò boni ni iná àti ìyára. Abọ́ tí omi híhó kún lójú ẹni, nínú ilé tí ìkòkò rẹ̀ máa ń gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ni mo fọkàn tán ju yàrá ìdáná tí ìlẹ̀kùn bò, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹran sínú yìnyín rẹ̀. Bánh mì pàápàá ṣeé jẹ, bó bá jẹ́ láàárọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tàbí èyí tí wọ́n fi ẹyin díndín gbígbóná sí. Ní ti yìnyín, èyí tó dà bí ọ̀pá tó ní ihò láàárín, ilé iṣẹ́ ló ti wá. Ewé tútù ni ewu tó kù, ẹni tí ikùn rẹ̀ kò tíì mọ ìlú lè ní kí wọ́n fi omi híhó bọ ẹ̀wà híhù òun, ohun tí àwọn ará ìlú náà máa ń béèrè ni.

Àwọn mìíràn á ní èdè ló ń lé àwọn lọ sí ilé tí ìwé oúnjẹ rẹ̀ wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdàkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ilé tó ń béèrè èdè tó kéré jù ní Saigon ni ilé ẹlẹ́yọ kan, torí bí èèyàn bá ti jókòó, wọ́n ti mọ ohun tó wá jẹ. Ó kù kó sọ bóyá ẹran tí kò jinná tán lòun fẹ́ tàbí èyí tó jinná. Ohun tó yẹ kí àtìpó kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn. Ọjọ́ orí ni ara Vietnam fi ń mọ bí yóò ṣe pe ẹnì kejì, kódà bí yóò ṣe pe ara rẹ̀. Ọmọdé tó ń gbé abọ́ kiri, em ni. Obìnrin tó ju ẹni lọ díẹ̀, chị ni. Ẹni tó tó ìyá tàbí bàbá kékeré ẹni, cô tàbí chú ni. Àwọn òyìnbó máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pe ìyá olóúnjẹ ní orúkọ, ti kọ́ ìdajì rẹ̀ nílé. Ìyá àgbà tó jókòó ti àpótí owó ni kó kọ́kọ́ kí, kó tó kí ọmọ tó ń gbé abọ́. Bó bá sì ti mọ owó kà àti bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, ohun tó kù, ìpadàbọ̀ ni yóò kọ́ ọ: nígbà tó bá yá, wọn kò ní bi í léèrè mọ́, abọ́ rẹ̀ á ti máa bọ̀ bó ṣe ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń bu owó lé àjèjì kò gba ìjíròrò gígùn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí arìnrìn-àjò pọ̀ sí, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹja àti edé lórí òṣùwọ̀n láìkọ iye owó rẹ̀ síta. Ibẹ̀ ni kéèyàn ti béèrè iye kílò kan kó tó tọ́ka sí nǹkan kan. Nínú ilé phở tàbí cơm tấm, iye owó máa ń wà lára ògiri, ó sì sábà máa ń wà láàárín ẹgbẹ̀rún 40 sí 80 đồng, nígbà tí dọ́là Amẹ́ríkà kan ju ẹgbẹ̀rún 25 lọ. Aṣọ tútù inú ọ̀rá tí wọ́n gbé síwájú ẹni lówó lórí díẹ̀, gbogbo oníbàárà ló ń san án, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ẹ kò ní láti já a.

Èyí tó wúwo jù nínú àwọn àtakò náà ni ti ọkàn. Àtìpó máa ń ní iṣẹ́ ti rẹ òun, àárò ilé ń sọ òun, òun fẹ́ jókòó síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, kí òun jẹ ohun tí òun mọ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò Thảo Điền fi kún fún ilé oúnjẹ òyìnbó, tí àwọn ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ òpópónà Lê Thánh Tôn fi di ti àwọn ará Japan, tí Phú Mỹ Hưng sì jẹ́ ti àwọn ará Kòríà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo àwọn agbègbè yìí. Oúnjẹ Japan dára ní Lê Thánh Tôn nítorí pé àwọn ará Japan tó ń gbé ìlú náà ń padà síbẹ̀ lálaalẹ́, wọn kò sì ní gba ìgbàkugbà. Pizza 4P’s, tí tọkọtaya ará Japan dá sílẹ̀ ní Saigon ní 2011, ń ṣe wàràkàṣì tirẹ̀ lágbègbè Đà Lạt, orí pizza ló sì gbé òkìkí rẹ̀ kà. Wọ́n ti sá àsápamọ́ fún ìwé olójú ewé mẹ́wàá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjèjì ni wọ́n. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo ń pín oúnjẹ sí ti ìbílẹ̀ àti ti òkèèrè. Ilé tí mo ń kìlọ̀ fún ni èyí tó ń ta pizza, phở, kọ́rì àti bọ́gà pọ̀ sójú kan fún ẹni tí kò tún ní wá mọ́. Kò sí ẹni tí yóò bá ilé bẹ́ẹ̀ wí bí ọbẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́.

Ọmọ Yorùbá tí àárò ọbẹ̀ ilé bá sì ń sọ kò ní láti lọ jìnnà. Ewé tí àwọn ará Vietnam ń pè ní rau đay, ewédú ni, irúgbìn kan náà gan-an. Àwọn ará àríwá ló fẹ́ràn rẹ̀ jù, akàn odò kéékèèké tí wọ́n gún ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n sì máa ń fi amúnútutù, tí wọ́n ń pè ní mồng tơi, kún un. Ó ń yọ̀ bó ṣe yẹ kó máa yọ̀. Ilé ìrẹsì ọ̀sán tó jẹ́ ti àwọn ará àríwá ni kéèyàn ti wá a, nígbà ooru. Ewùrà aláwọ̀ àlùkò wà nínú ọbẹ̀ canh khoai mỡ ti gúúsù, ilá sì wà nínú ọbẹ̀ kíkan wọn. Ìrẹsì ni yóò fi jẹ ẹ́, kì í ṣe àmàlà, kò sì sí irú tàbí epo pupa níbẹ̀. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé bákan náà ló rí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti mọ ilé tí wọ́n ti ń sè é á rí i pé àárò náà dínkù ju bó ṣe máa ń dínkù nídìí bọ́gà lọ.

Ti Mùsùlùmí yàtọ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́ gbangba, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà níbi gbogbo ní Saigon, ọ̀rá rẹ̀ sì máa ń wà nínú ohun tí kò hàn lójú. Níhìn-ín, ìlànà ilé ẹlẹ́yọ kan nìkan kò tó. Omi phở lè jẹ́ ti màlúù pátápátá, kó má sì jẹ́ ti màlúù tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn. Mọ́sálásí tó wà ní òpópónà Đông Du, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ará Íńdíà kọ́ ní 1935, ṣì wà ní àárín ìlú, ilé oúnjẹ halal wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tún wà ní ìtòsí ọjà Bến Thành. Àwọn ẹ̀yà Chăm tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ń gbé Saigon. Ọ̀nà kejì ni ilé chay, ilé aláìlẹ́ran, tó wà ní gbogbo àdúgbò nítorí ẹ̀sìn Búdà. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù òṣùpá ni èrò ń kún ibẹ̀ jù, oúnjẹ rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá lè jẹ ohun tó wà nínú ìkòkò mìíràn lè fi ilé chay méjì tàbí mẹ́ta ṣe ilé rẹ̀, kó sì máa padà síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé ẹlẹ́yọ kan kò ṣeé gbàlejò: àpótí rẹ̀ kúrú, wọ́n ń fojú lé oníbàárà, ọ̀rẹ́ kò sì lè jókòó sọ̀rọ̀. Mo gbà. A kò dá ilé phở fún ìjíròrò. Ṣùgbọ́n ìlú náà ti pèsè fún ìjókòó pípẹ́, alẹ́ ni àsìkò rẹ̀. Ní òpópónà Vĩnh Khánh, ilé ìṣáwùrú ló tò lọ, odidi òpópónà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ta nǹkan mìíràn: ìṣáwùrú òkun àti ti odò, èyí tí wọ́n fi ewé sè, èyí tí wọ́n fi àgbọn sè, èyí tí wọ́n fi ááyù àti bọ́tà yan. Àwo kéékèèké ni wọ́n ń gbé wá, gbogbo tábìlì á jọ máa fa ẹran rẹ̀ yọ, wákàtí méjì á sì kọjá. Ẹni tó bá mu bíà níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lọ sílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2020, òfin kò fàyè gba ọtí bó ti wù kó kéré lára ẹni tó ń wakọ̀, ọlọ́pàá sì ń dá èèyàn dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kó pe ọkọ̀ orí fóònù. Ní ti kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá sílé nípasẹ̀ fóònù, n kò fọwọ́ sí i fún irú oúnjẹ tí mo ń sọ: núdù phở tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá fún ogún ìṣẹ́jú ti wú, ewé rẹ̀ ti rọ, ẹni tó sè é kò sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ohun tó mú ilé náà dára ni a ti yọ kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn ilé wọ̀nyí kò ní wà títí láé bí kò bá sí ẹni tó ń jẹun níbẹ̀. Ní 2017, ìjọba àárín ìlú lé àwọn tó ń lo ẹ̀bá títì pẹ̀lú agbára, àwọn kan kò sì padà mọ́. Láti 2024, ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí lílo ẹ̀bá títì láwọn òpópónà kan. Láti oṣù Kẹfà 2025, oníṣòwò ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó bílíọ̀nù kan đồng gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ gé rìsíìtì, ohun tó le fún ìyá tó ti ń fi orí ka owó láti ọjọ́ pípẹ́. N kò sọ pé owó orí burú. Ìlú ní láti rí owó ná. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ná ń lọ sókè, ọ̀pọ̀ ọmọ tó kàwé kò sì fẹ́ jí ní aago méjì òru láti dá iná sábẹ́ eegun. Àtìpó ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀. Kó má ná owó abọ́ kan tí ọmọ ìlú kò ná. Kó lọ ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ pẹ̀lú, nígbà tí èrò kò wá. Kó mú ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ síbẹ̀ dípò kó fi orúkọ ilé mẹ́wàá ránṣẹ́ sí i. Bó bá sì di aago méje àbọ̀ òwúrọ̀, tí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti ń dúró lórí ọ̀kadà wọn, tí omi inú abọ́ rẹ̀ ti tán, kó san owó, kó dìde, kí ẹlòmíràn lè rí àpótí jókòó lé.